Ẹni tó ta pákó, tó sùn sínú bíríkì

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ mi ní Ottawa ni ojú mi kọ́kọ́ kan ilé náà. Mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo gba òpópónà Metcalfe lọ sí ìhà gúúsù, mo sorí kọ́ nítorí atẹ́gùn tó ń ta èèyàn létí bí abẹ. Gbogbo nǹkan ló funfun: ilẹ̀, òrùlé, orí ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí ẹ̀bá títì. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, pupa ni mo rí. Ilé bíríkì ràgàjì kan ló dúró síbẹ̀, ó pupa bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lẹ́yìn òjò. Mo dúró. Èmi tí mò ń sáré torí òtútù, mo dúró, mo ń wo ilé onílé.

Nọ́ńbà 252 ni. Lọ́jọ́ kejì mo bi ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ léèrè pé ta ló ni ilé yẹn. Ó ní olówó kan láyé àtijọ́ ni, oníṣòwò pákó. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èmi ò lè padà sídìí tèmi. Oníṣòwò pákó, kó wá fi bíríkì kọ́lé?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ onípákó ni mí. Oko-Baba ní Èbúté-Mẹ́ta ni bàbá mi ti jẹun, ibẹ̀ náà ló ti rówó rán wa nílé ìwé. Ẹni tó bá ti gba orí Afárá Kẹta kọjá ti rí i láti òkèèrè: èéfín tó ń rú láti ara èérún pákó tí wọ́n ń sun, àti àwọn gẹdú tí wọ́n so mọ́ra wọn, tí wọ́n léfòó sórí ọ̀sà bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sójú omi. Láti ìhà Oǹdó àti etí omi Ògùn ni igi náà ti ń bọ̀, ó ń fi omi ṣe ọ̀nà. Bàbá mi lè dijú, kó gbóòórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kó sọ fún ọ pé ọ̀mọ̀ ni, tàbí ìrókò, tàbí àfàrà. Ọ̀pá ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ kò pé. Ayùn ló gé e kí wọ́n tó bí mi.

Nígbà tó fẹ́ kọ́lé tirẹ̀, búlọ́ọ̀kù ló fi kọ́ ọ láti ilẹ̀ dé òkè. Pákó tí wọ́n fi ṣe òrùlé nìkan ló wọ ilé náà, àti ilẹ̀kùn, àti àga. Ọmọdé ni mí, mo bi í pé kí ló dé tí a ò fi kọ́ ilé onípákó bíi ti àwọn ará etí omi, ṣebí tiwa ni pákó. Ó ní, "Àdùkẹ́, mo mọ ohun tí igi lè ṣe tí iná bá fọwọ́ kàn án." Ẹ̀ẹ̀mejì ni iná ti jó ìsọ̀ rẹ̀ nígbà náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wá ìtàn ọkùnrin Ottawa yìí. Ọdún kẹta rèé, n kò tíì jáwọ́.

John Rudolphus Booth ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1827 ni wọ́n bí i, nítòsí Waterloo ní Quebec, ọmọ àgbẹ̀ sì ni. Káfíńtà ni iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe, ó bá wọn kan afárá rélùwéè ní Vermont ní Amẹ́ríkà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850 ló dé etí odò Ottawa, nígbà tí ìlú náà ṣì ń jẹ́ Bytown. Ó bá Andrew Leamy ṣiṣẹ́ nílé ìlagi rẹ̀ ní Hull, ní òdìkejì odò. Lẹ́yìn náà ló háyà ilé iṣẹ́ kékeré kan, tó ń la pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Kò pẹ́ tí iná fi jó o kanlẹ̀. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀, mo sọ fún ara mi pé: bàbá mi nìyí.

Ibi tó wà ni kò jẹ́ kó parẹ́. Láàárín odò Ottawa, omi ńlá kan ń dà láti orí àpáta sínú kòtò, ó ń hó, ó ń rú èéfín bí ohun tó wà lórí iná. Àwọn Faransé pè é ní Chaudière, ìyẹn ìkòkò ìseǹkan. Omi yẹn ló ń yí ẹ̀rọ ìlagi. Láti òkè odò ni igi páìnì funfun ti ń wá, igi tó ga tó àràbà nínú igbó tó jẹ́ ilẹ̀ àwọn Algonquin, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Wọn kò sì fọwọ́ sí ìwé kankan pé àwọn fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Títí di òní, ẹ ó gbọ́ ọ níbi ìpàdé ní Ottawa, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, pé ilẹ̀ Algonquin tí wọn kò fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ni a jókòó lé. Mo máa ń fetí sí gbólóhùn yẹn dáadáa, torí owó tó kọ́ ilé pupa náà, inú igbó yẹn ló ti jáde.

Lọ́dún 1859, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Ilé Aṣòfin sórí òkè tó kọjú sí odò. Booth ló gba iṣẹ́ pákó rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì lórúkọ ni, àmọ́ iye tó dá lé e kéré sí ti àwọn àgbà oníṣòwò. Ó kó àwọn alágbàṣe etíkun tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ wá láti Montreal, ó fi ẹṣin wọ́ igi níbi tí àwọn yòókù ti ń fi màlúù wọ́ ọ. Màlúù ń fẹsẹ̀ rìn, ẹṣin ń sáré. Iṣẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di èèyàn.

Nígbà tó di 1867, ọdún tí Kánádà di orílẹ̀-èdè, ó ra ẹ̀tọ́ láti gé igi nínú igbó John Egan, oníṣòwò pákó tó ti kú, lẹ́bàá odò Madawaska, ní 45,000 dọ́là. Nígbà tó yá, ó la rélùwéè tirẹ̀ gba inú igbó já sí etí adágún ńlá Huron, kí pákó má bàa dúró de odò mọ́. Nígbà tó tà á fún iléeṣẹ́ rélùwéè Grand Trunk, mílíọ̀nù 14 dọ́là ni wọ́n fi rà á. Ilé ìlagi rẹ̀ ní Chaudière wà lára àwọn tó tóbi jù láyé.

Kí n má sọ ọ́ bí oríkì. Lọ́dún 1891, àwọn ọlọ́lá Chaudière, Booth wà nínú wọn, gé owó àwọn òṣìṣẹ́ ìlagi kù ní ààbọ̀ dọ́là lọ́sẹ̀ kan. Owó tí wọ́n ń gbà kò ju dọ́là méje sí mẹ́jọ lọ lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojúmọ́ iṣẹ́ sì ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Ó ju ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba kó sójà wá. Mo mọ bí ìka tí kò pé ṣe máa ń rí. Nígbà tí mo bá ń wo bíríkì ilé yẹn, mo máa ń ronú kan ìka àwọn ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí iná, torí ibẹ̀ ni ilé náà ti bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi.

Ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1900 ni. Ihò èéfín ilé kan ní Hull ni kò dáa, iná gba ibẹ̀ yọ sí òrùlé pákó. Atẹ́gùn líle ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bá odò, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìtòjọ pákó ló wà níbẹ̀, ó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń gbẹ nínú oòrùn, ó ń dúró de oníbàárà. Iná gun orí pákó yẹn bí ẹni gun àkàsọ̀, ó sì ré odò kọjá. Odò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀! Ó jó apá tó pọ̀ jù nínú Hull, ó jó LeBreton Flats níbi tí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìlagi ti fara kanra, gbogbo wọn onípákó, ó sì ń lọ títí ó fi dé ẹ̀bá Dow's Lake. Èèyàn méje kú. Nǹkan bí 15,000 ló sun ìta lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ nìyí: ọjà tí ìlú náà ń tà ló jó ìlú náà. Kì í ṣe ọ̀tá ló wá. Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù, ṣùgbọ́n níbo lèèyàn fẹ́ gbọ̀n ọ́n sí, nígbà tí ògiri, ọgbà àti ilẹ̀ tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́ pákó?

Ilé ìlagi Booth fúnra rẹ̀ jó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀. Ó ń tún un kọ́. Nígbà tó wá fẹ́ kọ́ ilé tó máa fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ gbé, òun tó lè fi páìnì tó dára jù ní Àríwá Amẹ́ríkà kọ́ ọ láìná kọ́bọ̀ lọ́jà, bíríkì àti òkúta ló yàn. Òótọ́ ni pé olówó ìgbà náà fẹ́ràn bíríkì, pé ó jẹ́ àmì ọlá. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé èrò nípa iná kò sí níbẹ̀. Ọmọ onípákó ni mí, mo mọ̀ ọ́n.

Ọdún 1909 ni ilé náà. Booth ti pé ọdún 82. Ìyàwó rẹ̀, Rosalinda, ti kú láti 1886. Lọ́dún 1908, ọdún kan ṣáájú, ni wọ́n gbé ìdìpọ̀ gẹdú onígun mẹ́rin tó kẹ́yìn gba orí odò Ottawa kọjá, tirẹ̀ sì ni. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn èèyàn fi ń so gẹdú mọ́ra lórí odò yẹn, tí wọ́n ń sùn lórí rẹ̀, tí wọ́n ń dáná lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará tiwa ṣe ń bá gẹdú bọ̀ lórí ọ̀sà. Òun ló gbé èyí tó kẹ́yìn kọjá, ó sì wọ inú bíríkì lọ jókòó.

Ẹni tó ya ilé náà ni John W. H. Watts, ọmọ England tí wọ́n bí lọ́dún 1850. Ó ti bá ìjọba Kánádà ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde, òun náà ló sì ń bójú tó àwọn àwòrán ní National Gallery nígbà tí ibẹ̀ ṣì kéré. Ẹbí Booth mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló ti kọ́ ilé fún ọmọbìnrin Booth àti ọkọ rẹ̀, Andrew Fleck, ní òpópónà Wilbrod, bíríkì náà ni.

Orúkọ tí wọ́n ń pe irú ilé yìí ni Queen Anne. Orúkọ yẹn máa ń ṣini lọ́nà. Ọbabìnrin Anne jọba ní England láti 1702 sí 1714, ó ti kú tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ irú ilé yìí. Àwọn ayàwòrán-ilé England ní àwọn ọdún 1870 ló kó onírúurú nǹkan àtijọ́ jọ, ohun tí wọ́n rí níbí àti lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì fún un lórúkọ rẹ̀. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, pákó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ jù, torí ẹ̀rọ ìlagi ti lè gé ọnà wẹẹrẹ wẹẹrẹ sára igi lówó pọ́ọ́kú. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: irú ilé tí ọjà Booth gan-an fi ń lẹ́wà ní ibòmíràn, òun kọ̀ ọ́, ó padà sí ọ̀nà bíríkì ti England. Bóyá ti Watts tó jẹ́ ará ibẹ̀ ni. Bóyá ti bàbá arúgbó náà ni.

Àwọ̀ méjì ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú ilé náà. Bíríkì pupa ni ara rẹ̀, òkúta oníyanrìn tó mọ́ wá dà bí ìṣẹ́tí aṣọ yí etí fèrèsé àti igun ká. Orí ògiri iwájú ga ju òrùlé lọ. Kò kàn ṣe ṣóńṣó. Ó tẹ̀ kọrọdọ, ó wọlé, ó tún yọ, bí èjìká ẹni tó wọ agbádá. Fèrèsé kan yọ ikùn síta, òmíràn fà sẹ́yìn. Ọ̀pá èéfín ga réré. Apá ọ̀tún kò jọ apá òsì, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dà bí ohun tó wọ́. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo ti ń kọjá kí n tó mọ̀ pé ìdí tí ojú mi kò fi sú nìyẹn: ibi tí mo bá dúró sí lọ́jọ́ kan, ilé náà ń yí ojú padà sí mi. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ oṣù kẹwàá, nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, bíríkì yẹn máa ń dà bíi pé iná ń jó láti inú rẹ̀. Iná tí kò jó nǹkan kan.

Inú rẹ̀ ni mo wá bá igi.

Ọjọ́ kan ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún aráàlú, mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Bí mo ṣe wọ ẹnu ọ̀nà, imú mi ló kọ́kọ́ mọ̀ kí ojú mi tó mọ̀. Pákó tó ti gbó, tí wọ́n ti fi ìda pa lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó bo ara ògiri, ó gun àtẹ̀gùn lọ, ó yí ibi ìdáná ká pẹ̀lú ọnà. Ohun gbogbo tí bàbá arúgbó náà kò jẹ́ kí iná rí láti ìta, inú ló kó o sí. Mo rántí ilé tiwa ní Ṣómólú: búlọ́ọ̀kù níta, àga ìrókò nínú, ilẹ̀kùn tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ yàn láàárín ogún pákó. Obìnrin tó ń mú wa káàkiri ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ọ. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọwọ́ àtẹ̀gùn. Ó tutù, ó dán.

Booth kú ní oṣù kejìlá ọdún 1925, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún 99. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé aṣọ iṣẹ́ ló máa ń wọ̀, pé ó ń lọ sí ilé ìlagi títí ọjọ́ ogbó rẹ̀ fi jìnnà. Ó rí i kí ó tó kú tí ọmọ-ọmọ rẹ̀, Lois, fẹ́ Ọmọọba Erik ti Denmark ní Ottawa lọ́dún 1924. Ó rí nǹkan mìíràn náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1916, iná mú Ilé Aṣòfin, ilé tí pákó rẹ̀ sọ ọ́ di èèyàn. Èèyàn méje kú níbẹ̀. Ibi ìkàwé wà lára ìwọ̀nba ohun tó kù, torí wọ́n ti ilẹ̀kùn irin rẹ̀ mọ́ iná. Àwọn aṣòfin kó lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní ìparí òpópónà Metcalfe, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 1920. Láti òkè Ilé Aṣòfin dé ibẹ̀, ọ̀nà kan náà ni, ilé Booth sì wà lójú ọ̀nà náà. Ó ti lé ní ọdún 88 nígbà yẹn. Mo máa ń rò ó pé ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kan, Laurentian Club, gba ilé náà ní ìparí àwọn ọdún 1940, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń dúnàádúrà. Lọ́dún 1990, ìjọba kọ ọ́ sínú àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè. Ní nǹkan bí 2001 ló bọ́ sọ́wọ́ Trinity Western University, yunifásítì kan láti apá ìwọ̀-oòrùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀. Inú mi dùn sí èyí ju bó ṣe wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá lọ. Lálẹ́, iná máa ń tàn ní àjà òkè pátápátá, mo máa ń mọ̀ pé ẹnì kan ń kàwé.

Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí bàbá mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn yẹn. Ó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó kù ní Oko-Baba sì ń kó lọ sí Àgbówà tí ìjọba Èkó kọ́ ibùdó tuntun sí fún onípákó. Ó pè mí padà lójú ẹsẹ̀. Kò béèrè iye tí ilé náà tó, kò béèrè bí olówó náà ṣe ń jẹ́.

"Àdùkẹ́, ara àtẹ̀gùn yẹn, níbi tí pákó méjì ti pàdé."

"Ẹ̀n-ẹ́n, bàbá mi."

"Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, o wí? Pẹ̀lú òtútù yín yẹn, àti ooru tí wọ́n ń tàn sínú ilé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ojú ibi tí wọ́n so ó pọ̀ sí, ṣé ó ti là?"

Mo ní rárá, sà. Mo ní mo fi èékánná wá a, n kò rí i.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Káfíńtà gidi ló wà níbẹ̀," ó sì ní kí n ya ibẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n sún mọ́ ọn dáadáa.

Wọn ò tíì tún ṣílẹ̀kùn. Mò ń dúró.